Ọgbẹ́ Wòsílátù àti Sítáfù Méjì

Mọ́ńdè, 4 Fẹ́búárì 1985

Ọyẹ́ ò tíì lọ. Eruku wà lórí fáìlì, ó wà nínú tíì.

Ọgbẹ́ Wòsílátù ti tú. Aránṣọ ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yẹn ni, èyí tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ wà dáadáa, ó ń ké bí ẹni tó ń polówó ọjà. Ìyá ọmọ ni kò dáa. Ojú abẹ ti là níbi méjì, ọyún ń jáde, ara rẹ̀ sì ń gbóná ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Dókítà Ògúndèyí jókòó níwájú mi ní ọ́fíìsì alákòóso ilé ìwòsàn, ó ń fi bírò gbá tábìlì. Ó ní kápúsù kilọ́kísasílínì tí òun kọ fún un láti ọjọ́ mẹ́jọ kò ṣe nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ oògùn kan náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ogójì ìgò, ìwọ̀n tí ènìyàn kan ṣoṣo lè fi sàn. Òmíràn kò ní dé títí di Éépìrìlì.

“Bí kápúsù rẹ̀ ò bá ràn án, kí ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe?”

Mo ní kí ó fún un ní abẹ́rẹ́ kí a wò ó. Ó ní oògùn kọ́ là ń wò, ènìyàn là ń wò. Láàbù ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí láàbù bá ní oògùn yẹn ò ní ràn án, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn ló kù, òun ò sì lè ṣèlérí pé á débẹ̀ láàyè.

Mo sọ fún un pé ìwé-ẹ̀rí ìṣòwò ni mo gbà, kì í ṣe ti ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfalẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí láàbù pé èsì gbọ́dọ̀ dé tábìlì mi lọ́la.

Túsìdeè, 5 Fẹ́búárì

Èsì ò dé. Mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá Rufus Fátókí ní láàbù.

“Bọ̀dá Rufus, èsì dà?”

“Màdáámù, ṣé ẹ ti gbin àgbàdo rí?”

“Mo ti jẹ ẹ́ rí.”

“Ó dáa. Ẹni tó gbìn ín ló mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ hù kí á tó jẹ ẹ́. Kòkòrò náà ń hù lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọ̀gá.”

Ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni, kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé. Mo bi í pé kí ni a fẹ́ wò gan-an nígbà tí bébà láàbù ìṣáájú ti sọ pé Sítáfù, kòkòrò tó ń ba ọgbẹ́ jẹ́, ni, tó sì sọ pé oògùn mẹ́rin ò ràn án.

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. “Ẹ̀bi wa nìyẹn. Sítáfù nìkan ni à ń kọ síbẹ̀ láti ọdún yìí wá. Bí ẹni tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó ní ọmọ Fátókí ló jí ewúrẹ́ òun gbé. Ọmọ Fátókí èwo? Mẹ́sàn-án la jẹ́.”

Ó wá ṣàlàyé. Sítáfù méjì ló kàn wá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan máa ń hù ní àwọ̀ wúrà, ọ̀kan funfun. Funfun ń gbé ara gbogbo wa, kì í sábà dá ìjà sílẹ̀. Oníwúrà ló ń da ọyún sínú ọgbẹ́. Oògùn tó ń pa ẹ̀gbọ́n lè máà tu irun kankan lára àbúrò.

Mo bi í pé èwo ló wà lára Wòsílátù. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Mo ní kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó fi wọ́n wéra lórí oògùn mẹ́fà, kí ó fi òwú nu imú gbogbo òṣìṣẹ́ pẹ̀lú, kí á mọ irú èyí tí a jọ ń gbé nílé yìí. Mo fún un ní ọjọ́ mẹ́fà. Ó ní mẹ́wàá. A fi sí mẹ́jọ.

Tọ́sìdeè, 7 Fẹ́búárì

Nẹ́pà mú iná lọ ní àná, wọn ò tíì dá a padà. Àpótí ooru tí Rufus ń kó abọ́ rẹ̀ sí ti tutù bí omi àmù. Jẹnarétọ̀ wa wà fún yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan, dísẹ́ẹ̀lì sì ti wọ́n. Rufus ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì ti bàjẹ́, kí á dúró de iná.

Èmi kì í dúró de Nẹ́pà. Mo bi í pé ooru mélòó ni kòkòrò rẹ̀ nílò. Ó ní mẹ́tàdínlógójì, kò gbọdọ̀ lọ sókè, kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀. Mo ní ta ló tún ń lo irú ooru bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí? Mo ní ẹyin adìyẹ.

A gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Frederick ní Ìjagun, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin. Jẹnarétọ̀ rẹ̀ kì í sùn. Ọkùnrin náà wo páànù bisikíìtì tí Rufus kó abọ́ rẹ̀ sí, ó fẹ̀yìn rìn.

“Kí ni ẹ ní ó wà nínú ẹ̀?”

“Kòkòrò,” ni Rufus wí. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn máa fi ọgbọ́n sọ̀rọ̀.

“Kí ó wá pa òròmọdìyẹ ẹgbàá mi?”

Mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Rufus. Mo ní a ti fi pílásítà dí páànù náà yípo, èmi yóò buwọ́ lu ìwé pé bí òròmọdìyẹ kan bá kú lọ́wọ́ kòkòrò wa, ilé ìwòsàn á san án. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fún wa ní igun kan nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin tó máa là ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Fúráìdeè, 8 Fẹ́búárì

Wọ́n fi òwú nu imú mi. Mo sín lu Rufus lójú. Ara Wòsílátù, 38.6.

Mọ́ńdè, 11 Fẹ́búárì

Èsì dé. Rufus kó abọ́ náà wá sí ọ́fíìsì mi, Dókítà Ògúndèyí sì wá. Ó hàn kedere, kódà sí mi. Bébà róbótó mẹ́fà ló wà lórí jẹ́lì, wọ́n rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú oògùn tirẹ̀. Níbi tí oògùn bá ti ṣiṣẹ́, ojú jẹ́lì á mọ́ yí bébà náà ká. Níbi tí kò bá ti ṣiṣẹ́, kòkòrò á hù dé etí bébà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ẹ̀.

Funfun ni ti Wòsílátù, funfun láti etí dé etí. Ó hù mọ́ bébà márùn-ún nínú mẹ́fà. Kilọ́kísasílínì wà lára márùn-ún náà. Ẹ̀kẹfà ni jẹntamáísìnì, a ò sì ní in, ìlú ò ní in.

Dókítà dìde. “Ó tán. Bí mo ṣe sọ nìyẹn.”

Rufus ní, “Dókítà, funfun kì í da irú ọyún yìí. Mo fẹ́ tún un mú.”

“Ẹ ti mú un. Ohun tó wà níbẹ̀ ló hù.”

“Ohun tó wà lójú ló hù.”

Mo fún un láyè kí ó mú un lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò ní ìdí kankan ju pé Rufus kì í jiyàn, ó sì jiyàn lónìí.

Tọ́sìdeè, 14 Fẹ́búárì

Iná dé, ó lọ. Búrẹ́dì ti di náírà kan àti ogún kọ́bọ̀, ó sì tún kéré sí i.

Funfun ni lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan náà, oògùn kan náà. Dókítà ti kọ ìwé sí Ìbàdàn, wọ́n ní ibùsùn á ṣí sílẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ara rẹ̀, 39.1. Nígbà tí mo kọjá, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ òun lè dúró sílé ẹ̀gbọ́n òun tí òun ò bá tètè dé. Mo ní ó lè dúró. Kí ni èmi mọ̀ nípa ẹ̀?

Àfiwé ti imú òṣìṣẹ́ ti parí. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Funfun wà ní imú méjìdínlọ́gbọ̀n, oníwúrà wà ní mẹ́sàn-án. Nínú funfun méjìdínlọ́gbọ̀n, kilọ́kísasílínì kò ràn mọ́kànlá. Nínú oníwúrà mẹ́sàn-án, ó pa gbogbo wọn pátá. Pẹnisílínì ni kò tu irun lára mẹ́jọ nínú wọn. Rufus ní ẹ̀kọ́ ńlá lèyí. Mo ní ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n funfun ló wà lójú ọgbẹ́.

Oníwúrà wà ní imú tèmi. “Ó yẹ bẹ́ẹ̀,” ni Rufus wí, kò rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 16 Fẹ́búárì

Agogo méje àárọ̀ ni mo wọ wọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ wọn ilẹ̀kùn wò bóyá ibùsùn tí wọ́n fi máa gbé e sínú ọkọ̀ ní Mọ́ńdè á gbà á kọjá. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ṣí i.

Ìyá Wòsílátù ni, ó jókòó létí ibùsùn. Ó ti ṣí báńdéèjì. Ó ń ya kápúsù sí méjì bí ẹni ń pa ẹ̀pà, ó ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ó sì ń fi ìka tẹ́ ẹ. Kò bẹ̀rù nígbà tó rí mi. Ó kí mi.

“Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Oògùn dókítà ni mò ń lò fún un.”

“Ẹnu ló ní kí ó máa gbé e gbà.”

“Ó ń bì í. Ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ṣé ọ̀fun ló ń dùn ún ni? Ojú abẹ ló ń dùn ún, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé oògùn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, mi ò pa ọ̀kan jẹ.”

“Ta ló ní kí oògùn wà lọ́wọ́ yín?”

Ó yà á lẹ́nu. Ó nawọ́ sí ògiri. “Ìwé yín yẹn ńkọ́? Wọ́n kà á fún mi ní ọjọ́ tí a dé. Kí ẹbí máa tọ́jú oògùn aláìsàn wọn, kí wọ́n máa fún un lásìkò.”

Ìwé mi ni lóòótọ́. Mo buwọ́ lù ú ní Nòfẹ́ńbà. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà lórí iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn, pípín kápúsù sì ń gba wọ́n ní wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Mo fi í yangàn ní ìpàdé ìgbìmọ̀.

Mátírọ́nù Rachel ti gbọ́ ohùn wa. Ó rí kápúsù, ó figbe ta. Ó ní ìyá yìí ló ń pa ọmọ ara rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan wọ́ọ̀dù yìí mọ́. Wọ́n mú un jáde sí bàráńdà. Mi ò sọ pé ìwé mi ló tẹ̀ lé. Mo ránṣẹ́ pe Rufus.

Rufus wo ìyẹ̀fun náà títí. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti yé mi. Oògùn yìí ń pa oníwúrà tó wà lójú ọgbẹ́. Funfun tí kò ràn ló ráyè, ó wá ń jọba lókè. Àwa ń fi òwú mú ẹni tó jókòó lójúde, olè wà nínú yàrá.”

“Kápúsù tí Dókítà ní kò ṣiṣẹ́ ńkọ́?”

“Wòsílátù ò gbé e mì rí, Màdáámù. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́?”

Ohun tó fẹ́: kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan sí i mọ́, kí wọ́n fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko, kí òun wá ti òwú wọ ìsàlẹ̀ ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ méjì sí i kí ó fi hù. Ìyẹn di Wẹ́sìdeè. Ọkọ̀ Ìbàdàn ń bọ̀ ní Mọ́ńdè.

Mo lọ bá Dókítà nílé. Ó ń fá irùngbọ̀n.

“Ẹ fún mi di ọ̀sán Wẹ́sìdeè.”

“Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ ní kí á dúró?”

“Èmi ni.”

Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí ara Wòsílátù bá fi lè dé ogójì, ọkọ̀ máa gbéra ní wákàtí náà, ohun yòówù tí ì báà wà nínú páànù Rufus. Mo gbà.

Sọ́ńdè, 17 Fẹ́búárì

39.4. Wọ́n fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá rẹ̀ wà ní bàráńdà, ó ń gbé ọmọ pọ̀n. Àwọn tó wá kí aláìsàn ti ń pè é ní “ìyá oníyẹ̀fun”. Ó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìkíni.

Mọ́ńdè, 18 Fẹ́búárì

Rufus mú òwú náà fúnra rẹ̀, ó lọ jìn. Wòsílátù di ọwọ́ mi mú, ó fún un débi pé òrùka mi wọ̀ mí lẹ́ran. Mi ò ráyè yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án, páànù ti wà ní Ìjagun.

Ọkọ̀ Ìbàdàn dé, mo dá a padà. Awakọ̀ náà bú mi. Ó tọ́.

Túsìdeè, 19 Fẹ́búárì

Àwọn méjèèjì ló hù. Lórí abọ́ kan ṣoṣo, funfun níhìn-ín, oníwúrà lọ́hùn-ún, bí ẹni tí kò mọra wọn rí. Rufus mú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi tó máa ń lékè ẹ̀jẹ̀. Ti funfun ń ṣàn síbẹ̀. Ti oníwúrà dì bí ẹ̀kọ tútù, ó yí ìgò náà dojú dé, kò já bọ́. Ó ní ẹ̀rí nìyẹn pé oníwúrà tó ń da ọyún gan-an ni. Ó ti gbin oníwúrà náà nìkan, ó ti to bébà mẹ́fà lé e.

39.8 ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Dókítà wò mí. Mátírọ́nù ń fi aṣọ tútù nù ún lára. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo to fáìlì tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 20 Fẹ́búárì

39.7 ní òwúrọ̀. Mo wakọ̀ lọ sí Ìjagun pẹ̀lú Rufus. Lórí tábìlì tí Frederick fi ń po oúnjẹ adìyẹ ló ti ṣí páànù náà. Òròmọdìyẹ ń ké yí wa ká, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ara wa. Rufus yọ rúlà, ó tẹ̀ ba abọ́ náà, ó lọ́ra.

“Pẹnisílínì, òfo. Ampisílínì, òfo.”

“Bọ̀dá Rufus, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí mo fẹ́ gbọ́.”

“Ọ̀nà kan ni mo ń gbà kà á.” Ó ka tẹtirasáíkìlínì. Ó ka kúlórámù. Mo ti fẹ́ gba rúlà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kilọ́kísasílínì. Mílímítà mẹ́rìnlélógún.”

Mo wò ó fúnra mi. Ojú jẹ́lì mọ́ róbótó yí bébà náà ká, ó tóbi ju náírà onírin lọ bí a bá ní i. Frederick yọrí lé èjìká mi.

“Ṣé ó dáa ni tàbí kò dáa?”

“Ó dáa,” ni mo wí. 

“Òròmọdìyẹ mi ò sì kú,” ni òun náà wí.

Nígbà tí a padà dé, Dókítà mú abọ́ náà lọ sójú fèrèsé, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọlé ní agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Fúráìdeè, 22 Fẹ́búárì

Ìgò mẹ́jọ ti lọ. 39.5. Rufus ní òun ka rúlà dáadáa. Mi ò bi í.

Sọ́ńdè, 24 Fẹ́búárì

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà. 37.6. Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n. 37.6. Wòsílátù ní kí wọ́n fún òun ní gaàrí. Mátírọ́nù ní rárá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kàn wò ó.

Fúráìdeè, 1 Máàṣì

Òjò àkọ́kọ́. Òrùlé láàbù ń jò sórí tábìlì Rufus. Ogójì ìgò ń parí lọ. Ẹran tuntun ti ń hù nísàlẹ̀ ọgbẹ́, ó pupa, kò sí ọyún. Láti ọ̀la, kápúsù ni, nọ́ọ̀sì ló máa dúró tì í títí yóò fi gbé e mì.

Wẹ́sìdeè, 6 Máàṣì

Rufus parí ìjábọ̀ rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin. Táábù rẹ̀ dára, ẹnikẹ́ni lè kà á: funfun ní apá kan, oníwúrà ní apá kejì, oògùn mẹ́fà láàárín. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí bébà láàbù má kọ Sítáfù lásán mọ́. Mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n níbi tó ti yẹ kó sọ ìdí tí èsì méjì àkọ́kọ́ fi ṣì wá lọ́nà, ó kọ ọ́ pé “nítorí àìmọ̀kan ẹbí aláìsàn”.

Mo ní, “Èyí kì í ṣe òótọ́.”

Ó ní, “Màdáámù, ìjábọ̀ náà ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀.”

“Mo mọ ibi tó ń lọ.”

Mo fa igi lé e, mo kọ ọ́ sókè: “nítorí àṣẹ alákòóso ti Nòfẹ́ńbà, tó fi oògùn sọ́wọ́ ẹbí láìsí ẹni tó kọ́ wọn.” Mo buwọ́ lù ú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní wọ́n lè lé mi. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n má fi í falẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo ya ìwé lára ògiri. Mo sọ fún Mátírọ́nù níwájú àwọn nọ́ọ̀sì pé ìyá náà lè wọlé, àti pé àṣẹ mi ló tẹ̀ lé. Mo lọ sọ fún ìyá náà pẹ̀lú ní bàráńdà. Kò gbóríyìn fún mi. Ó ń bó ọsàn.

“Láti ọjọ́ wo lẹ ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tí mo bá yín níbẹ̀.”

“Ọjọ́ méjìdínlógún.” Ó ti ń kà á. Ó pa ọsàn náà sí méjì, kò fún mi nínú ẹ̀. Ó wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 13 Máàṣì

Ìgbìmọ̀ kò tíì dáhùn. Wọ́n ní wọ́n ń ronú. Kò yà mí lẹ́nu.

Sátidé, 16 Máàṣì

Wòsílátù lọ sílé lónìí. Ọgbẹ́ ti pàdé, ó kù bí ìbú èékánná kan. Ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Kápúsù ọjọ́ márùn-ún ló kù tó máa lò nílé. Nọ́ọ̀sì nà án sí ìyá rẹ̀, ìyá náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Mi ò gbà á. Ẹ máa ní mo tún ṣe nǹkan kan.”

Nọ́ọ̀sì wò mí. Gbogbo wọ́ọ̀dù wò mí. Èmi náà ò mọ ẹni tí mo máa gbé e fún.

Wòsílátù gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ó gba páálí náà, ó mú ọ̀kan, ó jù ú sẹ́nu, ó gba ife omi lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó mu ún tán. Ojú rẹ̀ korò. Ó dúró díẹ̀, bóyá á bì. Kò bì. Ó wá rìn wá síwájú mi, ó la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè, ó sì gbé e sílẹ̀.

“Ẹ wò ó dáadáa, Màdáámù.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó, lábẹ́ ahọ́n, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní kí ó máa lọ.